Òṣómàáló Abẹ́ Ewé

Wọ́n fún mi ní gíláàsì tó ń sọ kékeré di ńlá,
ṣọ́ọ̀kì funfun kan, ìwé gbọọrọ onílà,
wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti Ìsọ̀kun,
kí n kan ilẹ̀kùn, kí n béèrè àlàáfíà máńgòrò.

Nílé àkọ́kọ́, wọ́n rò pé iná ni mo wá gé.
Nílé kejì, bàbá kan yọjú lójú fèrèsé:
“A ti san owó ilẹ̀ o. Rìsíìtì ń bẹ.”
Mo ní, Bàbá, igi ni mo wá kí.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
“Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi
ìjọba ò kí mi rí, igi mi ni wọ́n wá ń kí.”

Bó ṣe ń rí nìyí:
ewé á dúdú bí ìdí ìkòkò tó pẹ́ lórí ààrò,
ilẹ̀ abẹ́ igi á máa lẹ̀ mọ́ni ní bàtà,
èèrà ń lọ, èèrà ń bọ̀, bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.
Yí ewé padà.
Àwọn rèé, funfun kín-ín-kín-ín, wọ́n da òwú bora.
Wọn ò fò, wọn ò pariwo,
wọ́n kàn lóṣòó ti iṣan ewé, wọ́n ń fà á mu.

Mo rántí bàbá ìyá mi
tó ru aṣọ láti Iléṣà dé Kàbà,
tó tà á láwìn, tó padà lọ gbowó,
tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
pé bẹ́ẹ̀ lòun ó ṣe wà títí owó ó fi pé.
Òṣómàáló ni. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ tajà.
Kí ni kòkòrò yìí tà fún máńgòrò?
Aṣọ wo ló gbé fún un láwìn
tó fi lóṣòó tì í látàárọ̀?

Ilé kẹsàn-án. Ilé kẹtàlá. Ajá lé mi ní Òkèẹ̀sà.
Màmá Ìbídàpọ̀ bomi fún mi, kò bu ọ̀rọ̀ kù:
“Ara igi yìí ni mo ti ń yọ owó ilé-ìwé.
Ọdún kẹta rèé, kò so. Ta ló gbé e wá?”
Ohun tí gbogbo ilé ń bi mí nìyẹn.
Àwọn kan ní ọkọ̀ tó ń kó igi títún wá láti Ìbàdàn ni.
Àwọn kan ní kí n lọ bi ará Ifẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.
Tìámíyù, ọmọ ọdún méje, fa ìwé mi:
“Ẹ ò tíì wo ìbẹ́pẹ ẹ̀yìn ṣáláńgá.”
Òótọ́ ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní Bọ́lọ́rundúró, Bàbá Ògúnmọ́dẹdé kò jẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀kì kan igi òun.
“Bí o bá fàmì sí i, àáké ń bọ̀ lẹ́yìn àmì.”
Mo ní rárá, Bàbá, oògùn ni.
Mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni mo pa.
Wọn ò tíì sọ fún èmi náà.
Ó ní, “Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.”
Mo ní, eléyìí kì í ṣe ọmọ ìdí ẹ̀fọ́, Bàbá,
òkèèrè ló ti wá.
“Hẹn-ẹn. Ẹsẹ̀ ta ló wá fi rìn?”

Ọjọ́ rọ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, mo ń ṣírò:
ilé mẹ́rìndínlógójì, igi mọ́kànlélọ́gọ́ta,
ó ti mú mọ́kàndínlógún.
Mo gbọn ọwọ́ ẹ̀wù mi kí n lè kọ̀wé.
Funfun kan já bọ́ sórí ìlà.
Mo ṣe bí ṣọ́ọ̀kì ni.
Ó gbẹ́sẹ̀.

Igi Bàbá Ògúnmọ́dẹdé mọ́ tónítóní
nígbà tí mo fi èjìká tì í, tí mo ń wo òkè.

Lórí ìlà kẹtàdínlógójì,
níbi tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ onílé,
mo kọ tèmi.
Níbi tí wọ́n ní kí n kọ irú igi,
mo dúró, bírò lọ́wọ́.